Ọjọ́ Tí Gbogbo Ìlú Tẹ̀ Níbi Ìrun Òkú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ojú kankan ò rí rí, tí kò sì sí ojú tí kò sí níkàáwọ́ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà lápá òsì mi lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fara ti ògiri bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú wá, mo kí gbogbo yín. Àsàlátù òní á gbà o.

Ọ̀rọ̀ àmánà, ohun tí a fi síni níkàáwọ́, ni mo gbé wá. Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé kí á gbé àmánà fún ẹni tó tọ́ sí. Kò ní kí á gbé e fún ẹni tí a mọ ojú rẹ̀. Kò ní kí á gbé e fún ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹni tó tọ́ sí. Ṣé ó yé wa? Ẹ̀ ń mi orí. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín ná, ká wá wò ó bóyá ẹ mọ ohun tí ẹ ń mi orí sí.

Ìlú náà ò jìnnà sí Ìwó. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo rí àwọn ọmọ ibẹ̀ kan lẹ́yìn yẹn, wọ́n ti ń wolẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní tú àṣírí yín ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Búsàrí. Òun ni Làdánì mọ́ṣáláṣí àgbà. Àwọn tí wọ́n bí nígbà tí bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun ti ní ọmọ-ọmọ. Òjò o, ọyẹ́ o, kí àkùkọ tó kọ, ohùn Làdánì ti gba ìlú. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun fún un, obìnrin, Kúbúrátù lorúkọ rẹ̀, ó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí àìsàn dá bàbá gúnlẹ̀, Kúbúrátù bi í pé, "Bàbá mi, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?" Ó rò pé bàbá á ní kí òun pa màlúù ni. Bàbá ní, "Kúbúrá, mi ò fẹ́ ìnáwó kankan. Gbogbo ayé mi, ibi ìrun ni mo ń pe àwọn ènìyàn wá. Kí wọ́n ṣáà kírun sí èmi náà lára bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn, ẹ sin mí síbi tó bá wù yín." Ọmọ ní, "Mo gbọ́, bàbá mi. Wọ́n á ṣe é." Ohun tí ọmọbìnrin yìí gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Kò gba ilé, kò gba ilẹ̀. Ìrun ló gbà, ó sì ti lanu pé òun á rí sí i.

Ó dọwọ́ ẹnì kejì. Mùdàṣírù lorúkọ rẹ̀. Bí o bá dé agbègbè yẹn tí o ní Mùdàṣírù lò ń wá, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Alfa Ẹlẹ́kún, ọmọdé á fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sílé rẹ̀. Òṣèré ni Mùdàṣírù. Alfa ló máa ń ṣe nínú eré kan tí wọ́n ń gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Láwàní funfun, tẹ̀sùbáà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Bó bá ń ṣàdúà nínú eré náà, omi á máa dà lójú rẹ̀, arọ á dìde, àgàn á finú soyún. Bí wọ́n bá wá fẹ́ yìn ín, á ní, "Èmi kì í ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ nǹkan kan. Ọlọ́hun ló mọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń pa lẹ́nu. Ìyàwó á se ọbẹ̀, ọkọ á ní ó dùn, ìyàwó á ní, "Èmi kì í ṣe nǹkan kan." Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Ọkùnrin tí kì í rántí ìrun àfi bí wọ́n bá fẹ́ yàwòrán rẹ̀ ni àwọn abiyamọ ń gbé ọmọ tọ̀ pé kó fẹ́ àdúà sí i lórí. Àgbàlagbà tó tó bí i lọ́mọ á ṣí fìlà fún un lọ́jà. Ó kọ́kọ́ máa ń ṣàlàyé. Á ní, "Bàbá, eré ni o." Wọ́n á ní, "A mọ̀, Alfa." Wọ́n á sì tún tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún wọn. Súbúhànallọ̀hi. Ẹni kan dúró níwájú kámẹ́rà, ó wé láwàní tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ fún un, ilé ayé sì gbà á ju ẹni tó fi ogójì ọdún jókòó ti kéwú lọ. Agbára wo nìyí? Èmi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Àwọn olóṣèlú ò bẹ̀rù ní tiwọn. Wọ́n rí i pé ibi tí Alfa Ẹlẹ́kún bá dúró sí, èrò á pé jọ síbẹ̀, wọ́n sì wá bá a. Wọ́n ní kó wá dupò alága káńsù. Ó ní kí ni òun mọ̀ nípa káńsù? Wọ́n ní, "Kò sóhun tí o fẹ́ mọ̀. Ṣáà máa wé láwàní yẹn." Ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà ni Tíṣà Gánì, ọkùnrin tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé kiri gbogbo agbègbè yẹn. Tíṣà á lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, á máa sọ̀rọ̀ òrùlé ilé ìwòsàn tó ń jò àti afárá tó já. Àwọn tó ń gbọ́ ọ á máa yán. Mùdàṣírù á kàn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, á nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ariwo á sọ. Àwọn oníròyìn á tẹ̀ lé e. Ẹni kankan ò tẹ̀ lé Tíṣà.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dìbò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Làdánì Búsàrí jáde láyé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n wẹ bàbá, wọ́n wé e láṣọ funfun, wọ́n ní bí àwọn bá ti kírun Jímọ̀ tán, àwọn á kírun sí i lára. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó lọ́jọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ibi tí wọ́n ti gbé bàbá sílẹ̀ ní gbangba iwájú mọ́ṣáláṣí ni Mùdàṣírù dé, òun pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, àwọn oníkámẹ́rà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àwọn wá bá ìlú kẹ́dùn.

Lèmọ́mù ìlú náà, ọ̀rẹ́ mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, kò fi ìkankan pamọ́. Ó ní òun ti dúró síwájú òkú, òun ti tún láwàní òun ṣe, bí òun ṣe yíjú báyìí, Alfa Ẹlẹ́kún lòun rí. Ẹni tí òun ń wò nínú ilé òun ní gbogbo Jímọ̀! Ó ní òun ò mọ ìgbà tí ẹnu òun sọ ọ́ pé, "Alfa wa, ẹ wá gbà á. Ẹ wá kírun sí Làdánì lára fún wa."

Ẹ dákun, kí ló dé? Lèmọ́mù ni o. Ó mọ̀ pé òṣèré ni. Bí ẹ bá jí i lójú oorun, á sọ fún yín pé òṣèré ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí i tó ń ṣe Lèmọ́mù ju bó ṣe rí ara rẹ̀ lọ.

Mùdàṣírù fẹ́ kọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè pé rárá. Ọkùnrin tó ń ṣètò ìpolongo fún un sún mọ́ ọn, ó sọ sí i létí pé, "Máa lọ. Kámẹ́rà ti ń yà á. Bí o bá kọ̀ níbí, ìbò lọ." Mùdàṣírù lọ síwájú. Ó mọ Fátíà. Wọ́n ti kọ́ ọ nítorí eré, ó sì mọ̀ ọ́n kà, ohùn rẹ̀ á dùn mọ́ ọ lára. Wọ́n ti ya ibi tó ti ń kírun Yídì, wọ́n ti ya ibi tó ti ń kírun sùbúhì. Wọn ò tíì ya ìrun òkú nínú eré yẹn rí.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbọ́, torí àwọn kan nínú yín máa ń wà lẹ́yìn, ẹ kì í rí iwájú. Ìrun òkú kò ní rúkúù, ìyẹn títẹ̀ba. Kò ní ìforíkanlẹ̀. Òòró là ń kí i, kábárà mẹ́rin, ìyẹn Alláhu Akúbárù lẹ́ẹ̀mẹrin, àdúà fún òkú, sàlámọ̀, ó tán. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀? Ọmọ ilé kéwú mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìlú yẹn mọ̀ ọ́n, torí wọ́n ti sin bàbá, wọ́n ti sin ìyá.

Mùdàṣírù kábárà. Wọ́n kábárà. Ó gbé Fátíà sókè, ohùn rẹ̀ gba gbogbo gbangba. Ẹni tó ń sunkún ń sunkún. Ó kà á tán, ó ní, "Alláhu Akúbárù," ó sì tẹ̀. Ó lọ sí rúkúù.

Ẹ̀yin ará, gbogbo wọn tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Gbogbo wọn tẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn alfa tẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú tẹ̀. Tíṣà Gánì tó ń bá a du ipò, tó wà ní sàfú kejì, ìlà kejì sí iwájú, òun náà tẹ̀. Gbangba náà kún dé ojú títì, gbogbo ẹ̀yìn sì lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí oko ọkà tí atẹ́gùn gbá. Mo bi ọ̀rẹ́ mi Lèmọ́mù pé, "Ìwọ ńkọ́?" Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò sí rúkúù. Mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé kò sí rúkúù, ẹ̀yìn mi sì ń tẹ̀."

Ènìyàn méjì péré ni kò tẹ̀. Ọ̀kan ni Bàbá Rájí, ọ̀rẹ́ Làdánì láti kékeré. Afọ́jú ni bàbá yìí, kò ríran láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó gbọ́ Alláhu Akúbárù, ó dúró bó ṣe ń dúró níbi ìrun òkú láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹnì kejì ni Kúbúrátù, láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn. Kò wo Mùdàṣírù rárá. Bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Mùdàṣírù nàró padà. Ó ti ń tẹ orúnkún láti forí kanlẹ̀, síwájú òkú, ẹ gbà mí o, nígbà tí Kúbúrátù jáde láàárín sàfú. Ó la àárín àwọn ọkùnrin kọjá, kò pariwo. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ dúró. Wọn ò tíì kírun sí bàbá mi lára."

Ó dé iwájú Mùdàṣírù, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ dójú tì yín láàárín èrò. Bàbá mi bẹ̀ mí fún nǹkan kan ṣoṣo, ìrun yìí ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n kí?"

Ẹ wo ọkùnrin náà lójú ara yín. Kámẹ́rà wà ní ọ̀tún, ó wà ní òsì. Ìbò ku ọ̀sẹ̀ kan. Òkú wà nílẹ̀. Ọmọ òkú wà lórí ìkúnlẹ̀. Mùdàṣírù fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe eré, ọjọ́ yẹn ni ẹnì kan kọ́kọ́ béèrè ohun tí òun mọ̀ lọ́wọ́ òun. Ó tú láwàní lórí. Ó ní, "Àbúrò mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ìlú, ẹ forí jì mí. Èmi kì í ṣe alfa. Mi ò mọ nǹkan kan." Omi sì bọ́ lójú rẹ̀, omi ojú gidi.

Kí ni ẹ rò pé ìlú ṣe? Ẹ̀ ń rò pé wọ́n lé e. Ẹ̀ ń rò pé ojú tì wọ́n. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ gbọ́ ọ! Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn!" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" Ni gbogbo gbangba bá bú sí Alláhu Akúbárù. Mùdàṣírù ń pariwo pé, "Òótọ́ ni mò ń sọ, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni," wọ́n sì ń fi ẹkún àti ìdùnnú dá a lóhùn. Wọ́n gbé e lé èjìká. Wọ́n gbé òkú náà, wọ́n ní ó ti rí àlùbáríkà gbà, alfa ti sunkún sí i lára. Àwọn oníkámẹ́rà ń sáré níwájú. Lèmọ́mù ń ké pé kí wọ́n dúró kí òun kírun, ta ni ó gbọ́? Wọ́n gbé Làdánì Búsàrí dé ibi isà, wọ́n sin ín. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pe ìrun, inú ariwo ni wọ́n sin ín sí, láìkírun sí i lára. Kúbúrátù jókòó sílẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí, ó fi ìborùn bo ojú.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ẹ̀sìn wa sọ pé bí wọ́n bá sin mùsùlùmí láìkírun sí i lára, kí á lọ síbi isà rẹ̀ kí á kírun náà níbẹ̀. Bàbá Rájí ló rán Kúbúrátù létí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn sùbúhì, ọmọ náà mú bàbá náà lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Lèmọ́mù ti ṣáájú wọn débẹ̀, kò lè gbójú sókè wo ọmọ náà. Bàbá Rájí ló bọ́ síwájú. Kó tó kábárà, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ìwọ ta?"

Mùdàṣírù ni. Ó fi mọ́tò sílẹ̀ lókèèrè, fìlà pẹlẹbẹ ló dé. Ó ní, "Mùdàṣírù, bàbá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Alfa Ẹlẹ́kún."

Bàbá Rájí ní, "Mi ò mọ̀ ọ́. Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Lèmọ́mù. Bí mo bá kábárà, kí o kábárà. Má tẹ̀."

Mùdàṣírù sọ fún mi pé òun ò lè gbàgbé "Mi ò mọ̀ ọ́" yẹn. Ó ní ó dùn mọ́ òun bí omi tútù lẹ́nu ààwẹ̀. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Lèmọ́mù, Kúbúrátù dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n sì kírun sí Làdánì Búsàrí lára. Jẹ́jẹ́ ni. Ẹyẹ ń ké lórí igi. Kò sí ẹni tó yà wọ́n ní fọ́tò. Nígbà tí wọ́n sàlámọ̀, Kúbúrátù ní, "Bàbá mi, wọ́n ti kírun sí yín lára." Ó wá sunkún, ẹkún tó ti ń gbé mì láti àná.

Ẹ̀ ń fẹ́ mọ ìbò? Mùdàṣírù lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, orúkọ àti àwòrán rẹ̀ ti wà lórí ìwé ìdìbò. Ó lọ sórí rédíò, ó ní kí wọ́n dìbò fún Tíṣà Gánì, torí ó mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n tún ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Òun ló wà lórí àga náà lónìí, òrùlé ilé ìwòsàn ṣì ń jò, ó sì máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ò mọ ohun tí òun ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìlú náà tí ẹ wà lẹ́yìn, ṣé mo purọ́? Wọ́n ní mi ò purọ́.

Ẹ̀yin ará mi, mi ò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè bú òṣèré. Òun sọ òótọ́. Àwa ni a ò gbọ́. Ojú wa ló ti gba ipò etí wa, ó sì ti gba ipò ọpọlọ wa. A rí ènìyàn léraléra, a ní a mọ̀ ọ́n. A mọ̀ ọ́n, a ní ó mọ̀. Bí ẹnì kan bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ ṣe bíi Kúbúrátù, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè: ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Bó bá sì dáhùn pé òun ò mọ̀, ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àmánà ni ìbò. Ọlọ́hun á bi wá léèrè ẹni tí a tì síwájú.

Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọlọ́hun, Ìwọ tó dá ojú, má jẹ́ kí ojú wa ṣì wá lọ́nà. Fi ẹni tó mọ̀nà ṣe olórí wa, kí O sì fún wa ní ọkàn tí a ó fi dá a mọ̀. Má jẹ́ kí á tẹ̀ níbi tó yẹ kí á ti dúró. Foríjin Làdánì gbogbo tó ti pè wá síbi ìrun rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wé àwa náà láṣọ funfun, tí wọ́n gbé wa sílẹ̀ níwájú èrò, Ọlọ́hun, jẹ́ kí á rí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ máa wà lára wa. Àmín.